Ogbe Ọ̀rá Orí Gumato

Láti ìgbà tí Gumato ti bí Bulyar, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ni ó ti ń ru ogbe pupa, bíi ti àkùkọ, tí àwọn obìnrin Rendille, ẹ̀yà tí ń sin ràkúnmí, máa ń fi ọ̀rá iké ràkúnmí àti ẹrùpẹ̀ mọ sórí irun. Ikú ọmọ náà ni í mú kí ìyá fá a.

Ìdí nìyí tí àyà rẹ̀ fi já ní ọ̀sán tí ogbe náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ọ̀rá iké kì í gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún oòrùn, ṣùgbọ́n eléyìí ń ṣàn wá sójú rẹ̀ bí omijé. Bẹ́ẹ̀ Bulyar wà lọ́nà jíjìn pẹ̀lú agbo ràkúnmí, níbi tí ọ̀dá àti àwọn olè ẹran ti ń figa gbága.

Arbe, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ni ó mọ ogbe náà fún un.

“Ìyá Bulyar, ẹ jẹ́ n tú u kí n tún un mọ. Ẹ ti dà bí ìkòkò tó ń hó dànù.”

“Ọwọ́ ẹ ò gbọdọ̀ kàn án! Ṣé o fẹ́ bá mi sin ọmọ mi ni?”

“Orí ni mo ní n tún ṣe, mi ò ní n gbẹ́lẹ̀.”

Gumato jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ọrùn rẹ̀ le gbagidi. Ó ń wo ọ̀nà bóyá ẹnìkan yóò yọ, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ.

Arbe kò lè pa àṣírí náà mọ́ra mọ́.

“Ọwọ́ mi ló ti wá. Òróró ṣọ́ọ̀bù ni mo bù mọ́ ọn. Iké àwọn ràkúnmí ti rù lọ́dún yìí. Ọ̀rá díẹ̀ tó wà, mo tọ́jú ẹ̀ kí n lè máa fi se oúnjẹ fáwọn ọmọ.”

“Olè!” Ìrètí díẹ̀ wà nínú èébú náà. “Lọ gbé e wá, gbogbo ẹ̀!”

Wọ́n tẹ gbogbo ọ̀rá náà mọ́ orí ti àtijọ́ láìyọ ohunkóhun kúrò. Ogbe dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò lọ. Òróró ti sọ ìdí tí ogbe fi yọ́. Kò sọ ìdí tí Bulyar kò tíì fi dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Kochale, tí òun àti Bulyar jọ ń daran, yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Òun nìkan. Gumato fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

“Ẹ kúulé o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, omi…”

“Sọ̀rọ̀ ná! Ọmọ mi ńkọ́?”

Kochale wo orí tí Gumato dì mú, ó wo Arbe, ọ̀rọ̀ náà sì yé e.

“Háà! Ó wà nídìí ẹran, ìyá, ó ń bú gbogbo wa. Ètè ẹ̀ ló sán tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rá iké díẹ̀ rán mi.”

Arbe gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Sọ fún un pé ó ti tán,” ni Gumato wí. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí.