Ìtìjú Àna Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Mí Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nọ́ọ̀sì yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wo ìdí mi. Ó ní awọ ibẹ̀ ti ń bó, ó ti ń di egbò, pé bí egbò náà bá fi lè jinlẹ̀ dé egungun, òun kò lè sọ pé màá padà sílé.

Báwo ni mo ṣe débẹ̀? Alùpùpù ló gbé mi ṣubú lọ́nà Ìlerò. Ìbàdí mi ṣẹ́, wọ́n sì dá mi dúró sí ọsibítù kan ní Ìsẹ́yìn. N kò lè yíra padà, n kò sì lè mú ìtọ̀ dúró. Nígbà náà, ará ilé aláìsàn ló ń pààrọ̀ aṣọ fún un. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá rẹ̀ ló wá láti Òtu wá tọ́jú mi.

Àna mi! Ẹni tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún! Ṣé àwọn ni màá wá sọ fún pé mo ti tọ̀ sára? Bí wọ́n bá bi mí, màá ní ara mi gbẹ. Mo tún ń sá fún omi mímu, kí ìtọ̀ má baà pọ̀.

Màmá gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Wọ́n sún mọ́ mi.

"Bàbá Ràfíù, bí ojú bá ń tì yín, ẹ di ojú yín. Ní tèmi, iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í bi mí mọ́. Bí ìrun bá ti tó, kí wọ́n tó ṣàlùwàlá, wọ́n á kọ́kọ́ ki ọwọ́ sábẹ́ mi. Bó bá tutù, wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ mí, wọ́n á rọra fi aṣọ nu omi ara mi, wọ́n á yí mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Láàárín ìrun kan sí èkejì náà, wọ́n á tún yẹ̀ mí wò. Ará Ìgbẹ́tì tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní bí ládàánì bá ti pè, ìdí mi ló ń pè! Wọ́n sì ń fi dandan fún mi lómi mu, wọ́n ní àwọn kọ́ ni aṣọ fífọ̀ máa pa.

Díẹ̀díẹ̀, egbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ìbàdí mi náà jinná, mo ń fi ọ̀pá rìn. Níkẹyìn, nọ́ọ̀sì yẹn kan náà tún wò mí, ó ní ojú egbò ti pa dé pátápátá, kí n máa lọ sílé. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá níbẹ̀. Wọ́n di apá mi mú.

"Ẹ má dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ ti sùn tó."

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn tàbí arúgbó tí kò lè dìde, ẹ má dúró dìgbà tó bá pè yín. Ó lè má pè yín láéláé. Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ti tọ́jú yín rí tí ojú rẹ̀ ń tì yín? Ẹ sọ ọ́ fún wa, ojú kì í tì mí mọ́.