Wọ́n Ní Kí N Rọra, Pílíwúùdù Sì Jóná

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù mélòó kan. Mo ní kí n gbé e mì, ó há mi lọ́fun. Ẹ bá mi jókòó, kí n sọ ọ́ kí ara lè tù mí.

Ẹ mọ̀ pé káfíńtà ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìrẹ̀mọ níbí, mo sì ní ẹ̀rọ CNC kan, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó máa ń gé igi sí àwòrán tí a bá yà fún un. Obìnrin káfíńtà! Ẹ̀rín tí wọ́n ti fi mí rín ò kéré.

Dókítà kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ló wá bá mi. Wọ́n ń ṣí ilé ìkàwé fún àwọn ọmọdé ní Ẹdúnàbọ̀n, wọ́n sì fẹ́ pátákó oníhò aláràbarà tí wọ́n máa fi pín yàrá náà sí méjì, pẹ̀lú gbogbo ṣẹ́ẹ̀fù ibẹ̀. Wọ́n ra ojúlówó pílíwúùdù kan ṣoṣo wá láti Ìbàdàn, wọ́n ní kí n gé ìyẹn lójú àwọn ná. Tó bá dára, èmi ni mo ni gbogbo iṣẹ́ náà. Irú iṣẹ́ tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti ra ẹ̀rọ yìí rèé.

Lọ́dọ̀ tiwa, tí iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ bá dé, ọ̀gá tó kọ́ni níṣẹ́ la máa ń pè kó wá súre sí i. Mo lọ bá ọ̀gá mi nílé wọn ní Òkèrèwè, mo kúnlẹ̀, mo pè wọ́n. Wọ́n wá, wọ́n gbàdúrà, èmi àti Dókítà ṣe àmín. Mo tan ẹ̀rọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín: ìsáré méjì ló wà. Èkíní ni bí bíìtì, ìyẹn irin tó ń gé igi, ṣe ń yí. Èkejì ni bó ṣe ń rìn gba inú igi kọjá. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti fi dán an wò ṣáájú lára àjákù pílíwúùdù: kó máa yí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì máa rin mítà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Èérún igi ń tú jáde, etí ibi tó gé mọ́ tónítóní.

Ọ̀gá ò fẹ́ràn ariwo rẹ̀. Wọ́n ní kí ló ń sá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n ní ṣé báyìí làwọn ṣe kọ́ mi níṣẹ́? "Fúnmi, rọra. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Dókítà mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni bàbá ń sọ.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa bá ọ̀gá mi jiyàn níwájú oníbàárà? Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ nígbà tí bàbá tó bí mi lọ́mọ ní iṣẹ́ ọkùnrin ni? Mo ní ẹ ṣeun sà. Mo sọ mítà mẹ́rin di mítà kan. Mi ò tiẹ̀ rántí dín yíyí rẹ̀ kù, ọkàn mi ti dàrú. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì ṣe é.

Ayùn ọwọ́ ni ọ̀gá mọ̀. Tí o bá rọra fa ayùn ọwọ́, iṣẹ́ á gún. Ṣùgbọ́n bíìtì tó ń yí kíkankíkan tí kò sì tètè kúrò lójú kan, ṣe ló máa ń ha igi, bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra èkejì lásìkò ọyẹ́ kó lè móoru. Èérún dáwọ́ dúró, ìyẹ̀fun dúdú ló ń jáde. Kí n tó tẹ bọ́tìnnì pupa, èéfín ti bo tábìlì, etí gbogbo àwòrán náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Dókítà ò bínú. Ọ̀gá mi ni wọ́n bi pé kí ló fà á, wọn ò bi èmi. Ọ̀gá ní àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ̀rọ ò lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá gbà mí, mi ò sọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ta mí jù. Ọ̀gá mi ni Dókítà gbé iṣẹ́ náà fún. Bàbá gé e títí, ihò yẹn pọ̀ ju ohun tí ayùn ọwọ́ lè gé lọ, ara àgbà ò sì gbà á mọ́. Ni wọ́n bá fi kẹ̀kẹ́ Márúwá kó pílíwúùdù mẹ́fà wá bá mi, pé kí n bá àwọn fi ẹ̀rọ gé e.

"Rọra ṣe é o," wọ́n tún ní.

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun sà. Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo dá a padà sí mítà mẹ́rin. Mo gé gbogbo rẹ̀ kó tó dìrọ̀lẹ́, ọ̀kankan ò jó. Ó wà ní Ẹdúnàbọ̀n báyìí. Mo gbọ́ pé gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yin iṣẹ́ ọwọ́ bàbá.

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ara mi ló bí mi nínú jù. Ṣé mi ò lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n sì sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀"? Ọ̀wọ̀ ò ní kéèyàn yadi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo irú ẹ̀rọ yìí, tó bá ti ń tu ìyẹ̀fun dípò èérún, igi yín ló fẹ́ jó yẹn. Ẹ jẹ́ kó rìn, tàbí kẹ́ ẹ dín yíyí rẹ̀ kù, ẹni yòówù kó dúró tì yín.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti fi ìmọ̀ràn ba iṣẹ́ yín jẹ́, tẹ́ ẹ kàn ní ẹ ṣeun? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má bẹ̀rù, ọ̀gá mi kì í ka nǹkan lórí fóònù. Bí wọ́n bá ń kà á ni, ṣé ẹ rò pé màá lè kọ ọ́?