Gàníyù Onígbàjámọ̀ Tó Ń Fi Fíìmù Fọ́kọ

Kò sí ọkùnrin tó ń gé irun ní Ọ̀fà tí kò tíì gbọ́ ìtàn orí Rídwàn. Rídwàn yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, lọ sí ṣọ́ọ̀bù Abdulganiyu onígbàjámọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan, nítorí pé wọ́n máa so yìgì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìjàgbó lọ́jọ́ náà, òun sì ni igbákejì ọkọ ìyàwó. Gàníyù ti ṣe apá ọ̀tún orí náà tán, ó ń mú kílípà bọ̀ wá sí apá òsì, ló bá béèrè pé fíìmù tí òun fún un ńkọ́, ṣé ó ti wò ó. Rídwàn ní òun ti wò ó, ó dára, àmọ́ ó falẹ̀ jù láàárín, ni òun bá fo àárín, òun lọ wo ẹni tó pa ọkùnrin náà ní ìparí.

Gàníyù pa kílípà. Ó tú aṣọ tó wà lọ́rùn Rídwàn, ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a, ó gbé e kọ́.

"Ọ̀gá Gàníyù, ẹ ò tíì ṣe apá kejì."

"Èmi náà ti fo àárín," ni Gàníyù wí. "Mo ti dé ìparí. Lọ wo fíìmù náà dáadáa, kí o wá gba ìyókù orí rẹ."

Rídwàn bẹ̀bẹ̀ títí, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, àmọ́ Gàníyù ti jókòó, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun kúrò lára kílípà. Bí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ṣe gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàgbó nìyẹn, tó fa fìlà bo etí òsì. Kò ṣí i títí wọ́n fi so yìgì tán. Nígbà tí ayafọ́tò ní kí gbogbo wọn ju fìlà sókè, òun nìkan ló fi ọwọ́ méjèèjì di tirẹ̀ mú, ó sì wà nínú fọ́tò náà títí dòní.

Ọjọ́ kejì ló wo fíìmù ọ̀hún láti òkè délẹ̀. Ìtàn bàbá kan ni, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́, tó mọ àwọn tó wá jalè níbẹ̀, tí kò sì lè la ẹnu nítorí pé ọmọ rẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹni tó bá fo àárín á mọ ẹni tó kú, àmọ́ kò ní mọ ìdí tí bàbá náà fi ń fọ ọwọ́ ṣáá. Rídwàn padà wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú tó ti wú. Gàníyù wo ojú náà, ó tan kílípà, ó sì fá ìyókù fún un.

Gàníyù ti re ibi àgbà ń rè báyìí, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ìtàn orí yìí tí àwọn èèyàn kì í dì mọ́ ara wọn rẹ́rìn-ín. Hàlímàt ìyàwó rẹ̀, Ìyá Táíyé, náà máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rín náà kò fi dé ikùn rẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé ẹni tí wọ́n bá lè fá orí rẹ̀ ní ìdajì nítorí fíìmù, wọ́n ti ka olúwarẹ̀ sí èèyàn. Ta ló ka òun sí? Gàníyù fi fíìmù han gbogbo Ọ̀fà, ó fi han ará Òjòkú, ó fi han ará Ìjàgbó, kò fi ẹyọ kan ṣoṣo han ìyàwó tó ń se oúnjẹ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní "Òrìṣà jẹ́ n pé méjì" kò dénú obìnrin. Hàlímàt kò ní orogún, fíìmù ni orogún rẹ̀, ìyẹn sì burú jù, torí pé èèyàn kò lè bá fíìmù jà nídìí ẹ̀rọ omi.

Kì í ṣe fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀ ni Gàníyù ń fúnni o. Èyí tó bá ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ Póólì, kò ní bojú wò ó. Tirẹ̀ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò pariwo, tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, tó jẹ́ pé bí o bá wò ó tán, wàá dìde lọ wò ó bóyá o ti ti ilẹ̀kùn. Inú fíláàṣì kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn ló ń kó wọn sí, bí ẹni ń fi ọmọ fọ́kọ ló sì ṣe ń fi wọ́n fúnni. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Ta lo máa bá wò ó? Ṣé ilé yín kì í sọ̀rọ̀ bí fíìmù bá ń lọ? Ṣé o kì í di fóònù mú? Nígbà tí Caroline, nọ́ọ̀sì kan tí kò sí irú fíìmù tí kò wò tán, kọ́kọ́ wá tọrọ, Gàníyù ní kó lọ ná. Ó wá rán èèyàn lọ sí àdúgbò Caroline lọ béèrè bóyá ọmọbìnrin náà máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó rán bọ̀ wá jábọ̀ pé bó bá ń jẹ egungun, ó máa ń jẹ ẹ́ dé mùdùnmúdùn, ni Gàníyù bá yọ̀ǹda.

Bí o bá sì gbé fíìmù lọ tán, kò tíì parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wàá rí i lẹ́nu ọ̀nà rẹ pẹ̀lú agbádá, bí àna tó wá kí ọmọ. Á jókòó, á gba omi, á wá ní òun kàn ní kí òun wá wo bó ṣe ń ṣe.

Owú tí Gàníyù fúnra rẹ̀ ń jẹ lórí àwọn fíìmù yìí kò kéré. Ọ̀kan wà tó fẹ́ràn gidigidi, nípa abúlé kan tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ mọ ẹni tó ju ọmọ sí kànga, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ. Èèyàn díẹ̀ ló fún. Nígbà tó yá, fíìmù náà bọ́ sórí fóònù gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kan tó ń ti Ẹ̀rìn-Ilé bọ̀, ọlọ́kadà tó gbé e bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fíìmù ọ̀hún fún un, ó ní kí bàbá wá a wò, pé ó dùn gan-an ni. Gàníyù ní kó dúró. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú oòrùn, ó fẹsẹ̀ rìn wọ Ọ̀fà. Nígbà tí Hàlímàt béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tí eruku fi bò ó báyìí, ó ní ọmọ òun ló ti di ọmọ ìta.

Hàlímàt bu omi fún un mu, àmọ́ inú rẹ̀ ń sọ pé, o kú ewu ọmọ.

Kí a wá sọ ti Sátidé tí owú gbé Hàlímàt dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan ló sọ fún un lọ́jà pé nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bàbá Táíyé, nọ́ọ̀sì náà kò sì ní irùngbọ̀n tí wọ́n ń fá. Hàlímàt wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó fín lọ́fínńdà, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún ọkọ tí kò gbé oúnjẹ lọ fún rí. Ó bá wọn ní ìkọjú-sí-kọjú. Gàníyù ń ṣàlàyé fíìmù kan fún Caroline, nípa obìnrin kan tó ń dáná lójoojúmọ́ fún ọkùnrin tó pa àbúrò rẹ̀, tó ń dáná náà ní àdádùn, tí ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ń dúró dè. Omi wà lójú Gàníyù. Caroline la ẹnu sílẹ̀. Kò sí ẹni tó rí Hàlímàt lẹ́nu ọ̀nà.

Ká ní ó bá wọn tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ìyẹn ì bá rọrùn, ó mọ ohun tí wọ́n ń fi ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná ṣe. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ó dùn ún wọra, torí pé Gàníyù kò fi irú ohùn yẹn bá a sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà tí Táíyé àti Kẹ́hìndé ti wà lẹ́yìn.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ délé, ó kò ó lójú.

"Bàbá Táíyé, ẹ fún èmi náà ní ọ̀kan. Ẹ wá èyí tó bá mi mu, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

Gàníyù wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó le. "Ìyá Táíyé, ìwọ kọ́ ni ẹni tí mò ń fún ní fíìmù," ló wí, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Hàlímàt lára. Ohun tó gbọ́ níbẹ̀ ni pé òun kò ní làákàyè rẹ̀. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nílé tún wá jẹ́rìí sí i. Ẹ̀gúsí ni Hàlímàt ń tà ní ọjà Owódé. Àwọn àgbẹ̀ Òjòkú ló ń kó o wá fún un, òun á sì bó o fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sán Sunday, bí iná bá wà, Gàníyù á gbé fíìmù tuntun síbẹ̀, Hàlímàt á jókòó ti atẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀. Nígbà míì, fíìmù á dé ìdajì, Gàníyù á pa á, á ní kò dára, bẹ́ẹ̀ Hàlímàt kò tiẹ̀ tíì mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, fíìmù á mú Hàlímàt, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Tó bá fi máa gbójú sókè, ojú rẹ̀ á ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú ọkọ rẹ̀. Gàníyù á rẹ́rìn-ín músẹ́, á gbé fóònù, á bọ́ sí fàráńdà. "Rídwàn, mo ti rí ọ̀kan," lá máa wí níbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Gẹ́rẹ́ tí fíìmù bá dùn ni ọkùnrin yìí á fi òun sílẹ̀, á lọ pe àwọn èèyàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Hàlímàt fi ìbínú bó ẹ̀gúsí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn títí ẹ̀jẹ̀ ríru fi mú Gàníyù lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn onífíìmù jókòó lọ́tọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń jiyàn lórí èyí tó dára jù nínú ohun tí olóògbé fún wọn. Hàlímàt wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Owú òkú tún burú ju ti alààyè, kò sí ẹni tí èèyàn máa bá wí. Ó ranṣẹ́ pe Rídwàn.

Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun ní, kí ó má sì purọ́ fún opó. Nínú gbogbo fíìmù tí Bàbá Táíyé pín, ṣé ó fìgbà kan sọ pé ọ̀kan wà tó jẹ́ ti Hàlímàt?

Rídwàn bojú wolẹ̀. Ó fọwọ́ pa apá òsì orí rẹ̀.

"Mummy, ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún yín. Ọjọ́ tí mo padà lọ gba ìyókù orí mi ni mo bi í pé báwo ló ṣe ń mọ fíìmù tó dára. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọwọ́ yín ni òun ń wò."

"Ọwọ́ mi?"

"Lórí ẹ̀gúsí. Bí fíìmù bá ń lọ tí ẹ ṣì ń bó ẹ̀gúsí, á pa á. Bí ọwọ́ yín bá dúró, á wá pè wá. Ó ní ẹ ò gbọ́dọ̀ mọ̀, pé bí ẹ bá mọ̀, ọwọ́ yín á máa purọ́." Rídwàn gbé ojú sókè. "Mummy, kò sí èyí tí ẹ ò kọ́kọ́ rí ṣáájú wa."

Hàlímàt wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Ẹkún bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí tí ẹ̀rín fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín náà sì dé ikùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí ẹ wo Gàníyù, kí ẹ wo ẹ̀tàn, ọkùnrin tó fi ọwọ́ òun tọ́ gbogbo ìlú sọ́nà tí kò jẹ́ kí òun gbọ́.

Nígbà tó jáde opó, Rídwàn àti Caroline wá ní ọ̀sán Sunday kan pẹ̀lú fíìmù tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Hàlímàt gbé atẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀ kalẹ̀. Ó rí i pé wọ́n ti yí àga wọn, òun ni wọ́n kọjú sí, tẹlifíṣàn wà lẹ́yìn wọn.

Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ni, ọkọ rẹ̀ lọ sí oko, kò padà. Lójoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ ọkọ náà, tó ń gbé e sórí tábìlì, tó ń gbé e kúrò ní òwúrọ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ṣí abọ́ náà, ó bá a lófìfo. Àyà Hàlímàt já. Mímí rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ láìsinmi, ó ń da èèpo sínú abọ́, ó ń da ẹ̀gúsí sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣàkíyèsí, torí pé bóyá ọwọ́ dúró nìkan ni wọ́n ń wò.

Rídwàn mí kanlẹ̀, ó dìde pa á. Ó ní ó dunni, àmọ́ kò dára nìyẹn.

Hàlímàt ní ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kàn fi fíláàṣì náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé ẹrù asán kiri. Ó sìn wọ́n dé ẹnu géètì, ó kí wọn, ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá ti atẹ́ ẹ̀gúsí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa àga Gàníyù sún mọ́ tirẹ̀, ó sì dá fíìmù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Táíyé, èyí tèmi ni," ló wí. "Ẹ jókòó. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni."