Orúkọ Tí Mo Fi Du Ọmọ Mi

Mo rántí ìgbà tí òórùn páúdà ọmọ ìkókó máa ń lé mi jáde nílé. Ìyànà Ọ̀fà ni mò ń gbé nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní káńsù, ìyàwó mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀. Ọmọbìnrin tó bí yè, ara rẹ̀ sì le. Èmi ni n kò lè wojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkómọ, nígbà tí àwọn àgbà ní kí n dárúkọ, mo ní kí wọ́n pè é ní ohun tó bá wù wọ́n. Ìyá ìyàwó mi ló pọn ọmọ náà lọ sí abúlé wọn lọ́nà Akínyẹlé, wọ́n sì ń pè é ní "Ọmọ mi" lásán. Èmi ní tèmi, mo pinnu pé n kò ní bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ báyìí, bí ẹni pé Ọlọ́run jókòó sójú kan tó ń retí ìkíni mi láràárọ̀. Èmi tí mo ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré, n kò gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá mọ́.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé lọ́jọ́ Sátidé kan, kí n fi agolo mílíìkì ọmọ sílẹ̀ kí n sì tètè padà. Mo bá ìyá ìyàwó mi lẹ́yìn ilé, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Inú bí mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí la sin.

Mo ní, "Màmá, ọpẹ́ kí lẹ ń dá?"

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ta ló ń dúpẹ́? Mò ń bínú ni. Àtàárọ̀ ni mo ti ń sọ fún Un pé ó dùn mí dé egungun."

"Ẹ sì tún ń kọrin sí I?"

"Ta ni kí n wá kọ ọ́ sí? Òun náà ṣáà ti fojú ara Rẹ̀ rí ikú ọmọ. Tí mo bá ń sunkún, Ó mọ ohun tí mò ń wí."

Wọ́n tú ọmọ náà lẹ́yìn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gẹ́ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e nìyẹn. Mo sunkún títí orí ọmọ fi tutù. N kò rí ìran, n kò gbọ́ ohùn kankan. Mo kàn mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo wà nínú ẹkún náà.

Oṣù yẹn la ṣe ìrìbọmi fún un. Nígbà tí àlùfáà béèrè orúkọ, Màmá wojú mi, mo sì dá a. Ìyàwó mi ló ti yan orúkọ náà nígbà tí oyún wà nínú rẹ̀, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, mo sì ti há a mọ́ àyà láti ọjọ́ tó ti kú. Màmá fi etí gèlè nu ojú.

Ọmọ náà ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Ọdún tó kọjá la sin Màmá. Títí dòní, n kò mọ ìdí tí ìyàwó mi fi kú, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n mo gbà pé a óò tún ríra, ìgbàgbọ́ yẹn ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Láwọn àárọ̀ tí kò bá sì lágbára tó lọ́kàn mi, ọmọ mi ló ń gbàdúrà, èmi a ṣe àmín.