Ọmọ Mi Kúnlẹ̀, Ó Bi Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ní Ìbéèrè

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ọmọ mi ṣe fún mi. Mo fẹ́ yangàn díẹ̀ ni, ẹ má bínú!

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Múlíkà, àkọ́bí mi, ti fẹ́ ṣe láti kékeré. Nígbà tó parí sẹ́kọ́ńdìrì, Bọ̀dá Táófíkì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bá a wá àdìmíṣọ́n sí yunifásítì tuntun kan. Láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti gbé lẹ́tà náà wá bá wa n'Íkòròdú fúnra wọn! Wọ́n ní ìjọba fọwọ́ sí iléèwé náà dáadáa. Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè? Ìyàwó ilé wo ló ń já ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ níyàn?

Àfi bí Múlíkà ṣe kúnlẹ̀ síwájú wọn. Ó dúpẹ́ títí, ó wá ní, “Dádì Ẹ̀pẹ́, ẹ má bínú sà. Ṣé iléèwé ni wọ́n fọwọ́ sí ni, àbí kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì gan-an?”

Háà! Mo ṣẹ́jú sí i, kò wò mí! Wọ́n á ní èmi ni mo rán an.

Bọ̀dá ní kò yàtọ̀. Múlíkà ní ó yàtọ̀ o sà, pé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ní accreditation, ìyẹn ìfọwọ́sí, tiẹ̀, pé ẹni tó bá ka nọ́ọ̀sì níbi tí kò ti sí, kò ní lè ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń gba láísẹ́ńsì. Níṣojú wa ló ṣí ìkànnì àjọ tó ń bójú tó yunifásítì lórí fóònù ẹ̀. Orúkọ iléèwé náà wà níbẹ̀. Lọ́ọ̀ wà, akáúntì wà. Nọ́ọ̀sì ńkọ́? A wá a tì!

Bọ̀dá pe ọ́fíìsì iléèwé náà. Èsì ni pé àwọn ṣì ń wá ìfọwọ́sí ti nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Lọ́wọ́ kẹ̀!

Bọ̀dá ká lẹ́tà náà sápò, wọ́n lọ láìjẹun. Mo sunkún. Mo bú Múlíkà pé ó ti bà mí jẹ́ nílé ọkọ. Odindi ọdún kan ló fi bá mi ránṣọ nílé, táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gbé fọ́tò matric sórí status. Kó tó wá wọ ibi tí kọ́ọ̀sì náà ti ní ìfọwọ́sí.

Ó ti wà ní ọdún kẹta báyìí. Nígbà Iléyá tó kọjá, a lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọmọ mi gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò jáde. Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ na apá? Bọ̀dá Táófíkì ni! Wọ́n sọ fún gbogbo ilé pé ọmọ yìí ni kò jẹ́ káwọn ṣi ọmọ lọ́nà, pé òun náà ni yóò yẹ kọ́ọ̀sì ọmọ tàwọn wò káwọn tó gba fọ́ọ̀mù. Orí mi wú!

Ẹ̀yin òbí, iléèwé lè ní àṣẹ kí kọ́ọ̀sì má ní. Ẹ bèèrè méjèèjì, ẹni yòówù tí ì báà gbé lẹ́tà wá. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí, kò sì tì mí lójú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílé yín, kí lẹ sì sọ fún un?