Ẹsẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Pariwo

Bí rédíò bá ń ha, ọkùnrin tí àdúgbò ń pè ní Elétí-Ehoro kì í tíì tú u tí yóò fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń fi etí wá àléébù. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́rin, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di irin gbígbóná tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà mú dáadáa mọ́, ẹran ìdí àtàǹpàkò sì ti joro. Ó wá nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wáyà lọ́tùn-ún, wáyà lósì. Ta ní rò pé atúnrédíò-ṣe á di rédíò?

"Bàbá, abẹ́rẹ́ yìí ń tẹ́tí sí ẹran ara, ẹ̀rọ yìí á sì gbé ohùn rẹ̀ jáde," ni dókítà obìnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wí. "Ẹran ara tó bá ń sinmi, ṣe ló yẹ kó dákẹ́. Bó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń pariwo, ó lè jẹ́ pé nǹkan ló fún iṣan rẹ̀ pa. A lè tú u sílẹ̀. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ tí nǹkan kan ò tíì ṣe yìí náà bá ń pariwo, kì í ṣe ohun tí a lè tú sílẹ̀ mọ́."

Ó kọ́kọ́ ki abẹ́rẹ́ bọ ọwọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ pariwo, ṣa-ṣa-ṣa, bí òjò lórí páànù. Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀, tó lọ gba káàdì, wọlé. Dókítà ki abẹ́rẹ́ bọ ẹsẹ̀.

Ẹ̀rù ba Elétí-Ehoro. Ó mọ̀ pé ariwo ńlá a máa bo ariwo kékeré, ló bá fi ẹsẹ̀ ti irin bẹ́ẹ̀dì gbọn-in. Ẹ̀rọ hó gèè.

"Ẹ dẹ ẹsẹ̀ yín, bàbá."

"Mo ti dẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ò tíì dẹ̀ ẹ́."

Níbo ló fẹ́ sá gbà? Abẹ́rẹ́ nínú ẹsẹ̀, ògiri lẹ́yìn, dókítà níwájú. Ó tún ti irin náà sí i.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ fi agídí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ ẹ̀."

Ó dẹ̀ ẹ́. Yàrá pa lọ́lọ́. Ó ti fẹ́ máa dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ta. Ta-ta. Ṣa-ṣa-ṣa.

Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dún! Ṣebí mo sọ pé nǹkan kan ò ṣe ẹsẹ̀ yẹn!"

Dókítà tẹjú mọ́ ilẹ̀. Elétí-Ehoro wo ẹ̀rín tí kò tíì rí lójú ìyàwó rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Mo gbọ́ ọ."