Ìrẹ̀ Tí Mo Sìn fún Agẹmọ Bàbá

Mo rántí bí ìrẹ̀ ṣe ń ké nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mi ní Ìkọ̀yà, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Bàbá ọkọ mi já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, itan rẹ̀ kán, ó sì di ẹni tí ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní látàárọ̀ dalẹ́. Agẹmọ kan wà lára imọ̀ ọ̀pẹ tó gé lọ́jọ́ náà. Bàbá ní kí wọ́n bá òun gbé e wálé. A ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ibẹ̀ ló ń gbé. Bí agẹmọ bá jẹun, Bàbá á jẹ. Bí kò bá jẹ, Bàbá náà kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ.

Oyún wà nínú mi, ìyá ọkọ mi sì ti kìlọ̀ pé aboyún kì í wo agẹmọ, kí ojú ọmọ má baà máa yí kiri. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mò ń bọ́ ọ. Mo máa ń fi ìró bo ikùn kí n tó sún mọ́ ọn, àfi bí ẹni pé aṣọ lè dí ọmọ lójú.

Tata ni mò ń mú fún un lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí wọ́n sun igbó, tata tán. Mo bá bu iyẹ̀pẹ̀ tútù sínú garawa, mo kó ìrẹ̀ takọtabo sí i, mo fi àjákù gèlè mi bò ó, mo ń retí ọmọ wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Èmi ò tíì rí ìfun kankan tí èèrà fi ya wọ garawa, tó jẹ gbogbo ìrẹ̀ mi tán. Mo tún wá òmíràn, mo gbé garawa sórí òkúta nínú abọ́ omi kí èèrà má baà rọ́nà gbà.

Agẹmọ ń rù, ojú rẹ̀ ti jìn. Bí mo bá ti ṣí gèlè tí n kò rí nǹkan, mo máa ń tún un bò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá pè mí.

“Ìyàwó, bó bá kú nígbà tí mo sùn, gbé e kúrò, má sọ fún mi.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá.” N kò lè wò ó lójú.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọmọ ìrẹ̀ yọ, tín-ín-tìn-tín. Mo dà díẹ̀ sórí ẹ̀ka. Agẹmọ fi ojú kan wò wọ́n, ó fi ìkejì wo Bàbá, ó pẹ́ títí tí ẹ̀rù fi bà mí pé okun ti tán nínú rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ bá yọ fìrì. Bàbá ní kí n bu púpurú wá kí òun jẹ.

Mo bímọ, ojú ọmọ náà sì dúró dáadáa. Nígbà tí òjò padà, Bàbá tẹ̀pá, ó fúnra rẹ̀ gbé agẹmọ lọ sínú igbó, kò sì sọ ibi tó fi í sí fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, Bàbá àti ìyá ọkọ mi. Èmi náà ti di ẹni tí ìyàwó ilé ń gbé oúnjẹ fún. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá wà láàárín wa tí kò fẹ́ jẹun, n kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tó wù ú. Mo máa ń jókòó tì í, kí n wo ibi tí ojú rẹ̀ wà.